Ọwọ́ tó wà nínú fótò omi Òwu

“Fótò, sún sẹ́yìn díẹ̀ sí i, orí omi ò tíì wọlé.”

Ohun tí mo sọ nìyẹn nídìí omi Òwu, omi tó ń já bọ́ láti orí òkúta gíga ní ìpínlẹ̀ Kwara. Kò pé ìṣẹ́jú kan lẹ́yìn rẹ̀ tí ọ̀rẹ́ mi fi wà nílẹ̀, tí kámẹ́rà rẹ̀ wà nínú omi, tí ọrùn ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ sì ń wú níṣojú mi. Mo ń kọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà sílẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an, torí ó ti ń di ìtàn mìíràn lẹ́nu àwọn èèyàn. Àwọn kan ní iwin inú omi ló tì í. Àwọn mìíràn ní àìgbọ́ràn ọmọ ìsinsìnyí ni. Kò sí èyí tó jẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú méjèèjì. Ohun tó fà á hàn kedere, mo sì mọ̀ ọ́n, torí ọwọ́ mi wà níbẹ̀.

Tíṣà ni mí. Ẹ̀kọ́ nípa ohun abẹ̀mí ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní Ìlọrin. Ọ̀rẹ́ mi ní tirẹ̀, fótò ìnáwó ló ń yà: ìgbéyàwó, ìsọmọlórúkọ, wòlímà. Fótò ni gbogbo àdúgbò ń pè é, Tíṣà ni òun náà sì ń pè mí, láti ìgbà tí a ti jọ ń gbé yàrá kan ní Tánkè nígbà tí a ṣì ń kàwé. Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́, ṣùgbọ́n inú gbọ̀ngàn àti abẹ́ kánópì ló ti ń yà á. Kò gbé kámẹ́rà wọ igbó rí. Èmi ló bẹ̀ ẹ́ lọ́wẹ̀. Ìwé tí a fi ń kọ́ ọmọ ní kíláàsì kún fún ẹyẹ ilẹ̀ òkèèrè àti odò ilẹ̀ òkèèrè. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ mi rí lámilámi tó bà lórí òkúta ìdí omi Òwu, kí n lè sọ fún wọn pé inú Kwara níbí ni, pé ẹnikẹ́ni nínú yín lè jí lówùúrọ̀ kó lọ wò ó.

Bí ilé ẹ̀kọ́ ṣe gba ọlidé nínú oṣù Kẹjọ, a mú Ọjọ́rú kan, ọjọ́ tí ìnáwó kì í fi bẹ́ẹ̀ sí. Àsìkò náà dára. Òjò ti rọ̀ tó tí omi fi kún, ó sì máa ń sinmi díẹ̀ nínú oṣù náà kó tó tún gbé e bọ̀. Ẹni tó bá dúró de ẹ̀ẹ̀rùn kó tó lọ wo omi Òwu, omi tín-ín-rín ni yóò bá.

Ọkọ̀ Fótò la gbé. Lẹ́yìn àsùbáà la ti kọjá Gárééjì Ọ̀fà, a gba Gánmọ̀, a dé Àjàṣẹ́-Ìpo, a sì ra àkàrà àti ẹ̀kọ ní Òrò. Níbẹ̀ ni Fótò ti ní òun fẹ́ kí a yà sí Èsìẹ́, kí òun lè rí àwọn ère òkúta tó lé ní ẹgbẹ̀rún, nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1945, tó jẹ́ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Mo ní rárá, ọjọ́ á lọ. Ó tún ní kí òun wá bàtà mìíràn rà lọ́jà, torí bàtà tó máa ń wọ̀ lọ síbi ìgbéyàwó ló wọ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ti jẹ títí ó fi ń dán. Mo ní kò sí àkókò. Ẹ fi ọ̀rọ̀ bàtà yìí sọ́kàn.

A ya kúrò lójú títì ńlá, a wọ ọ̀nà abúlé. Ọ̀nà ibẹ̀ ò dára. Ibì kan wà tí mo sọ̀ kalẹ̀ láti máa júwe ibi tí táyà máa gbà. Nígbà tí a dé Òwá Kájọlà, a kí àwọn àgbà, a sọ ohun tí a bá wá, wọ́n sì fi bàbá kan lé wa lọ́wọ́, àgbẹ̀ tó tún ń ṣọdẹ, tó mọ gbogbo ọ̀nà náà bí ẹni mọ inú ilé rẹ̀. Bàbá bi wá bóyá a ti jẹun. Ó wo ẹsẹ̀ mi, ó wo ẹsẹ̀ Fótò, ó tún un wò.

“Ọmọ mi, bàtà yìí ò mọ òkúta o.”

“Màá rọra, Bàbá.”

“Ṣé o rí i, níbi tí òkúta bá ti ń dán, má tẹ ibẹ̀. Èyí tó bá rí ṣákaṣàka ni kó o máa tẹ̀.”

Ó mú àdá, ó ṣíwájú. Bí ó ṣe ń ti koríko sọ́tùn-ún sósì, mo ń rántí ìtàn tí àwọn Ìgbómìnà fi ń sọ ibi tí orúkọ wọn ti wá: Ogbó, àdá tí Ọ̀ràngún, ọba Ìlá, mú lọ́wọ́, tó ń la ọ̀nà níwájú rẹ̀, tó fi ní “Ogbó mi mọ̀nà.” Mo sọ ọ́ fún Fótò. Bàbá gbọ́, kò yíjú padà, ó kàn gbé àdá náà sókè kí a lè rí i.

Kí a tó dé ìdí omi, ìgbà méjì la dúró. Níbi àkọ́kọ́, létí odò kékeré kan, labalábá bí ogójì ló kó ara wọn jọ sórí yanrìn tútù, funfun àti aláwọ̀ ọsàn, wọ́n ń pa apá dé, wọ́n ń ṣí i. Fótò rò pé òùngbẹ ló ń gbẹ wọ́n. Omi ni wọ́n ń fà lóòótọ́, ṣùgbọ́n iyọ̀ inú ilẹ̀ ni wọ́n ń wá, akọ ló sì máa ń pọ̀ jù nínú wọn. Bí mo ṣe sọ bẹ́ẹ̀ tán, ọkùnrin yìí tí kì í jẹ́ kí eruku kan aṣọ òun níbi ìnáwó nà gbalaja sórí yanrìn, ó fi ìgbọ̀nwọ́ méjèèjì gúnlẹ̀, ó mú èémí dúró. Labalábá kan bà sórí lẹ́ǹsì rẹ̀. Kò mira. Nígbà tó dìde, gbogbo àyà rẹ̀ ti di ẹrẹ̀, ó ní, “Tíṣà, kí ló dé tí o ò mú mi wá síbi látọjọ́ yìí?”

Ibi kejì, Bàbá ló gbọ́wọ́ sókè pé kí a dákẹ́. Ẹyẹ kan wà lórí igi ọ̀pọ̀tọ́, ó dúdú bí aṣọ tí wọ́n rẹ láró lẹ́ẹ̀mẹta. Ìgbà tó fò ni pupa yọ nínú apá rẹ̀ bí iná. Àlùkò ni. Bàbá sọ èyí tí gbogbo wa ti gbọ́ láti kékeré, pé agbe ló laró, àlùkò ló losùn, lékeléke ló lẹfun. Mo wá sọ fún un pé àwọn onímọ̀ yẹ osùn àlùkò yìí wò, wọ́n sì bá bàbà nínú rẹ̀, irú bàbà tó wà nínú wáyà iná.

“Nínú ìyẹ́ ẹyẹ?”

“Nínú ìyẹ́ ẹyẹ, Bàbá.”

Ó dúró, ó wo ibi tí ẹyẹ náà gbà lọ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní òun máa sọ ọ́ fún ọmọ-ọmọ òun lálẹ́. Fótò ò rí ẹyẹ náà yà, ó ti yára jù fún un, ṣùgbọ́n mi ò rò pé ẹnikẹ́ni nínú wa kábàámọ̀ rẹ̀.

A ti ń gbọ́ omi náà tipẹ́ kí a tó rí i. Ìgbà tí a jáde sí gbangba, afẹ́fẹ́ tutù lójijì, ìrì omi sì bò wá lójú. Wọ́n ní gíga rẹ̀ tó nǹkan bí 120 mítà. Ẹni tó bá dúró nídìí rẹ̀ ò ní béèrè iye mítà. Orí ògiri òkúta dúdú ló ti ń já bọ̀, ó ń gbá òkúta, ó ń fọ́, ó tún ń kó ara rẹ̀ jọ, títí yóò fi balẹ̀ sínú adágún tó wà nísàlẹ̀. Lámilámi ń fò lórí adágún náà. Mo mọ̀ pé ọmọ wọn máa ń gbé inú omi kó tó hu ìyẹ́, mo sì sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ariwo omi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ mi.

Fótò ṣiṣẹ́ níbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n san owó méjì fún. Ó kọ́kọ́ ya omi náà ní ìdá kan nínú 1000 ìṣẹ́jú-àáyá. Ẹ̀kán omi kọ̀ọ̀kan dúró lójú afẹ́fẹ́ bí ìlẹ̀kẹ̀ tó já. Ó wá gbé kámẹ́rà lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta, ó jẹ́ kí ojú rẹ̀ pẹ́ ní ṣíṣí, ó tó ìdá kan nínú mẹ́rin ìṣẹ́jú-àáyá. Omi Òwu di òwú tí wọ́n ń ran. Ó pè mí kí n wá wò ó, mi ò lè sọ̀rọ̀. Kùrukùru tó bo oòrùn lọ́jọ́ náà ló jẹ́ kó ṣeé ṣe. Bí oòrùn bá mú, ìmọ́lẹ̀ tó máa wọlé nírú àsìkò gígùn bẹ́ẹ̀ á sọ gbogbo rẹ̀ di funfun báláú. Nǹkan kan tún wà tó ṣe: atẹ́gùn tó ń ti ara omi wá ń gbé okùn ọrùn kámẹ́rà, okùn náà sì ń mi kámẹ́rà, àwòrán ò hàn kedere. Ó tú okùn náà kúrò, ó fi í sápò. Ìpinnu tó tọ́ ni lásìkò náà.

Lẹ́yìn èyí ni mo ní kó ya èmi náà mọ́ omi, kí àwọn ọmọ kíláàsì mi lè fi mí díwọ̀n gíga rẹ̀. Mo lọ dúró nídìí òkúta kan, mo kẹ̀yìn sí omi, mo kọjú sí i. Ó gbé kámẹ́rà kúrò lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta, ó fọwọ́ mú un, ó yà á, ó wá fi hàn mí. Orí omi ti gé kúrò. Mo padà síbi tí mo dúró sí tẹ́lẹ̀, mo gbọ́wọ́ sókè, mo ń fi àtẹ́lẹwọ́ ti atẹ́gùn sí i, mo ń pariwo kó lè gbọ́: sún sẹ́yìn, sún sẹ́yìn díẹ̀ sí i.

Ó fi ojú kan ara kámẹ́rà, ó pa èkejì dé, ó sún sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì. Ẹsẹ̀ kẹta bọ́ sórí òkúta tó ń dán.

Bàbá wà létí omi, ó ń bu omi bójú. Èmi ni mo kọjú sí Fótò. Nínú àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èmi nìkan ni mo lè rí ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Mi ò wò ó. Kámẹ́rà ni mò ń wò, torí mo fẹ́ kí ojú mi dára nínú fótò.

Ìró rẹ̀ ò pọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, ó rọ́ sábẹ́ rẹ̀, ó fi ìdí balẹ̀ sórí òkúta, kámẹ́rà sì fò lọ́wọ́ rẹ̀ sínú omi tí kò jìn ju orúnkún lọ. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, omijé ti lé sójú rẹ̀, àmọ́ ohun tó ń sọ ni, “Má tàn án! Tíṣà, má tàn án!” Kámẹ́rà ló ń sọ. Mo fà á jáde, mo yọ bátìrì, mo yọ káàdì, mo fi aṣọ áńkárá tí a fi wé e nù ún, mo ṣí gbogbo ẹnu rẹ̀ sílẹ̀. Kámẹ́rà tó mu omi tí wọ́n bá tàn, iná á jó inú rẹ̀. Ìyẹn ló ń bà á lẹ́rù.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni Bàbá ti gbé sórí itan ara rẹ̀. Ó fẹ́ fi òrí wọ́ ọ. Mo kúnlẹ̀, mo ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ̀ bóyá eegun ló ṣẹ́.” Ó wo mi, ó gbà, kò bínú. A bọ́ bàtà, mo ní kí Fótò mi ọmọ ìka ẹsẹ̀, ó mì wọ́n. Mo fọwọ́ kàn án, ó ní òun mọ̀ ọ́n lára. A kó ẹsẹ̀ náà sínú omi tútù fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, a fi áńkárá náà dì í, kò le jù, a sì gbé e ga sórí báàgì títí tí ara rẹ̀ fi rọlẹ̀. Bàbá ti lọ gé igi méjì. Ọ̀kan di ọ̀pá ìtìlẹ̀, ó fi èkejì àti okùn ọrùn kámẹ́rà, okùn yẹn náà, de ẹsẹ̀ kó má baà máa mì.

Nẹ́tíwọọ̀kì ò sí. Ọ̀nà tí a fi nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú rìn nígbà àlọ gbà wá ní wákàtí méjì ààbọ̀ nígbà àbọ̀. Bàbá gba abẹ́ apá ọ̀tún, èmi gba ti òsì. Níbi tí ọ̀nà ti ga, Bàbá gbé e pọ̀n. Àgbà tó jù wá lọ fíìfíì. Ó ń mí hẹlẹ, ó ń sọ fún un pé kó má fọkàn sí ẹsẹ̀, kó sọ ohun tó máa ṣe sí fótò labalábá yẹn fún òun. Fótò sì ń sọ ọ́, bí ó ṣe máa tẹ̀ ẹ́ gbòòrò, bí ó ṣe máa gbé e kọ́. Mi ò lè gbàgbé ohùn àwọn méjèèjì lójú ọ̀nà yẹn. Nígbà tí a dé abúlé tí mo fẹ́ fún Bàbá lówó kún iye tí a jọ sọ, ó gba iye tí a sọ, ó dá ìyókù padà, ó ní kí n fi ra epo sọ́kọ̀.

Èmi ni mo wa ọkọ̀ bọ̀. Ní Ìlọrin, ìyá Fótò ti ní kí wọ́n pe àwọn tó ń to eegun. Mi ò bá Màmá jiyàn. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní kí wọ́n jẹ́ ká ya ẹ́ksíréè lálẹ́ ọjọ́ náà, kí ẹni tó bá fẹ́ to eegun lè mọ èyí tó ń tò. Wọ́n gbà. Eegun ò ṣẹ́. Iṣan tó so ọrùn ẹsẹ̀ pọ̀ ló fà, dókítà sì ní kó má fi ẹsẹ̀ náà tẹlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìgbà yẹn ni Màmá gbé òrí jáde. Dókítà ní kò burú, tí wọn ò bá ṣáà ti tẹ̀ ẹ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà mú ìnáwó méjì dání. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ya àkọ́kọ́, èmi ni mo ń ru báàgì àti iná tẹ̀ lé e. Èkejì, àwọn oníyàwó gba ẹlòmíràn. Kámẹ́rà wà nínú ike pẹ̀lú àwọn àpò kéékèèké tí wọ́n máa ń fi sínú páálí bàtà tuntun, èyí tó ń fa ọ̀rinrin, fún ọjọ́ mẹ́rin kó tó lọ sọ́dọ̀ alátùn-únṣe. Ara kámẹ́rà yè. Lẹ́ǹsì kú, omi ti wọ àárín dígí rẹ̀. Èmi àti òun la jọ ra òmíràn.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ náà lọ, mo ti rò ó bọ̀. Bàtà wà níbẹ̀, okùn ọrùn wà níbẹ̀, òkúta tó tutù wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n gbọ̀ngàn ló kọ́ ẹsẹ̀ Fótò láti máa sún sẹ́yìn láìwẹ̀yìn. Ọdún mẹ́wàá ló fi ń ṣe é lórí táìlì, àwọn èèyàn á sì yà fún un. Ní Òwu, èmi ló yẹ kí n jẹ́ ojú ẹ̀yìn rẹ̀. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un nígbà tí mo lọ kí i ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mo sì tọrọ àforíjì, títí kan ti bàtà tí mi ò jẹ́ kó rà. Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Ó ní, “Inú bí mi sí ẹ lójú ọ̀nà yẹn o, Tíṣà. Kò bí mi mọ́.”

Káàdì náà ò bàjẹ́. Gbogbo rẹ̀ wà lórí rẹ̀: labalábá, lámilámi mẹ́ta, òwú omi. Èyí tó kẹ́yìn, kò mọ̀ pé òun tẹ̀ ẹ́. Ìka rẹ̀ ló tẹ̀ ẹ́ bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe ń yọ̀. Fótò náà dàgẹ̀rẹ̀, orí omi wọlé pátápátá, gbogbo gíga rẹ̀ pé, ìrì rẹ̀ ń tàn. Èmi ò sí níbẹ̀. Ìdàgẹ̀rẹ̀ náà ti gé mi kúrò, ó ku ọwọ́ mi kan ṣoṣo ní igun ìsàlẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ṣí, ó ń ti nǹkan tí a ò rí.

Ó tẹ̀ ẹ́ gbòòrò, ó gbé e kọ́ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kò tún un tò kó gún. Àwọn oníbàárà máa ń béèrè ọwọ́ ta ni. Mo bẹ̀ ẹ́ kó gé e kúrò, kó fi omi nìkan sílẹ̀. Ó kọ̀.

“Bí mo bá gé e,” ó ní, “ta ló máa mọ̀ pé a jọ lọ ni?”

Fótò labalábá ńkọ́? Ọ̀dọ̀ Bàbá ni a gbé ìyẹn lọ. A lọ nínú oṣù Kọkànlá, Fótò wọ bàtà òjò tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ rí ṣákaṣàka.